Ọ̀bẹ Inú Àpò
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú àwọn ọmọ Ẹgbẹ́ ní ìpàdé oṣù)

Nígbà tí ìgbìmọ̀ Ẹgbẹ́ pàṣẹ pé kí a wá sọ̀rọ̀ ní oṣù yìí, a mọ̀ pé púpọ̀ nínú yín yóò máa retí ọ̀rọ̀ oyè, tàbí ọ̀rọ̀ oríkì, tàbí ìtàn ogun, nítorí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni a fi ń mọ ìwé oṣooṣù wa yìí. Ṣùgbọ́n ohun kékeré ni a mú wá, ohun tí ó ń gbé inú àpò, tí ẹnikẹ́ni kì í sì í bu ọlá fún. Ọ̀bẹ ni. Kì í ṣe idà àwọn jagunjagun, kì í ṣe àdá àgbẹ̀, kì í ṣe ọ̀bẹ ìdáná àwọn ìyá wa. Ọ̀bẹ kékeré nì ni, tí a ń ká ojú rẹ̀ wọ inú èèkù, tí a sì ń mú rìn láti òwúrọ̀ di alẹ́.

Àwọn baba wa ní, bí ọ̀bẹ ti wù kí ó mú tó, kò lè gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. A sábà máa ń pa òwe yìí fún ọlọ́gbọ́n tí kò rí ọ̀nà àti ran ara rẹ̀ lọ́wọ́. Lónìí, àwa fẹ́ pa á fún alágbẹ̀dẹ. Bí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ti wù kí ó dára tó, kò lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ gba iṣẹ́ náà là kúrò lọ́wọ́ ìparun. Ẹni tí ó rà á, tí ó fi í sí àpò, tí ó sì ń lò ó títí ojú rẹ̀ fi tín-ín-rín, òun ni ó ń gbà á là. A ti wo bí ọ̀rọ̀ yìí ti rí ní ìlú mẹ́rin tàbí márùn-ún ní ilẹ̀ àjèjì kí a tó mú un wá sílé, a sì bẹ̀ yín kí ẹ ní sùúrù bá wa rìn ìrìn náà.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ irú ọ̀bẹ tí à ń wí, kí ẹnikẹ́ni má bàa rò pé ohun ìjà ni a fẹ́ kí àwọn ìjòyè máa mú wọ ìgbìmọ̀. Ọ̀bẹ àpò ti àtijọ́ kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ nígbà tí a bá pa á dé. Idẹ pẹlẹbẹ méjì ni ó wà ní inú rẹ̀, ọ̀kan ní ìhà ọ̀tún, ọ̀kan ní ìhà òsì. Eegun màlúù, tàbí ìwo àgbọ̀nrín, tàbí igi líle ni a fi bò wọ́n ní òde. Ní ẹ̀yìn èèkù náà ni irin kan wà tí ó ń tẹ̀ tí ó sì ń padà, tí ó fi agbára ti ìdí ojú ọ̀bẹ. Irin ẹ̀yìn yìí ni gbogbo ọgbọ́n rẹ̀. Kò sí ìdè kankan nínú ọ̀bẹ náà. Bí a bá ṣí i, irin ẹ̀yìn ni ó ń mú un dúró. Bí a bá fi ọwọ́ tẹ ẹ̀yìn ojú rẹ̀, a padà sí ilé rẹ̀ pẹ̀lú ìró kan. Àwọn tí ó fẹ́ràn ọ̀bẹ wọ̀nyí a máa fi etí sí ìró náà bí onílù ti ń fi etí sí awọ ìlù. Bí ìró náà bá mọ́ gaara, wọ́n mọ̀ pé alágbẹ̀dẹ náà kò kánjú. Bí ó bá rọ̀ tàbí tí ó bá ń ha, wọn a rọra dá ọ̀bẹ náà padà sórí àtẹ láìsọ̀rọ̀. Ihò tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì wà lára ojú rẹ̀ tí a ń fi èékánná àtàǹpàkò sí láti fà á jáde, nítorí náà ọwọ́ méjì ni a fi ń ṣí i. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí yóò wúlò fún wa nígbà tí a bá dé ọ̀rọ̀ òfin.

Ìlú tí ọ̀bẹ yìí ti gba orúkọ jùlọ ni Sheffield ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Akéwì wọn àtijọ́ nì, Geoffrey Chaucer, ẹni tí ó kú ní ọdún 1400, sọ nínú ọ̀kan nínú àwọn ìtàn rẹ̀ nípa ọkùnrin alọkà kan tí ó fi ọ̀bẹ Sheffield sínú ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ gígùn. Èyí fi hàn pé ó ti ju ọgọ́rùn-ún ọdún mẹ́fà lọ tí àwọn mẹ̀kúnnù ti ń mú ọ̀bẹ ìlú náà rìn. Ní ọdún 1624, ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn fi òfin dá ẹgbẹ́ àwọn alágbẹ̀dẹ ọ̀bẹ sílẹ̀ níbẹ̀, ẹgbẹ́ náà sì wà títí di òní. Ọ̀kan nínú iṣẹ́ rẹ̀ pàtàkì ni láti fún alágbẹ̀dẹ kọ̀ọ̀kan ní àmì tirẹ̀, tí yóò máa lù sí ìdí ojú ọ̀bẹ, tí ẹlòmíràn kò sì gbọdọ̀ lò. Bí ilà ojú ti ń sọ ilé tí ènìyàn ti wá ní ayé àtijọ́, bẹ́ẹ̀ ni àmì náà ń sọ ilé tí ọ̀bẹ ti wá. Àmì ìràwọ̀ àti àgbélébùú ni ti ilé Joseph Rodgers, àwọn tí ń kó ọ̀bẹ jọ sì ń fi awò wá àmì náà kiri lára ọ̀bẹ tí ó ti gbó títí di ìsinsìnyí.

Ilé yìí kan náà ni ó ṣe ọ̀bẹ ńlá kan fún Ìfihàn Ńlá tí wọ́n ṣe ní London ní ọdún 1851, tí ojú àti irin iṣẹ́ tí ó wà lára rẹ̀ jẹ́ 75. Norfolk Knife ni orúkọ rẹ̀. Ohun ìyanu ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí àpò tí ó lè gbà á. Àwa kò bá wọn du ògo rẹ̀. Síbẹ̀, ọ̀bẹ olójú kan tí ó ti dán nítorí ọwọ́ àgbẹ̀ wù wá jù ú lọ.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí a fi oyin bo ìtàn náà. Òkúta ńlá tí ń yí ni wọ́n fi ń pọ́n ojú ọ̀bẹ ní Sheffield, eruku òkúta àti ti irin sì ń wọ inú ẹ̀dọ̀fóró àwọn tí ó jókòó tì í. Púpọ̀ nínú wọn ni ó kú kí wọ́n tó dàgbà. Nítorí náà nígbà tí a bá rí ọ̀bẹ ọgọ́rùn-ún ọdún àti ààbọ̀ lórí àtẹ, tí ojú rẹ̀ tẹ́jú bí omi àfàrọ̀, kí a rántí pé ẹnì kan fi èémí rẹ̀ san owó rẹ̀. Àwọn mìíràn nínú àwọn alágbẹ̀dẹ náà kì í ṣe iṣẹ́ fún ọ̀gá kankan; wọn a háyà yàrá kékeré kan, wọn a gbé irin iṣẹ́ wọn síbẹ̀, wọn a sì máa fi ọwọ́ ara wọn parí ọ̀bẹ. “Little mester” ni àwọn ará ìlú náà ń pe irú wọn, èyí tí í ṣe ọ̀gá kékeré.

Kí ni ó wá dé bá wọn? Ní ọdún 1890 ilẹ̀ Amẹ́ríkà gbé owó orí lé ọ̀bẹ tí ó ń ti òkèèrè wá, òfin tí a fi orúkọ William McKinley pè, ọjà tí Sheffield ń tà jùlọ sì bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Àwọn ará Jámánì ń ṣe ọ̀bẹ tí owó rẹ̀ kéré. Lẹ́yìn náà ni ọ̀bẹ ẹ̀rọ dé, tí a ń lù jáde bí ìgbà tí a bá ń lu bọ́tìnnì jáde. Ṣùgbọ́n lójú tiwa, ohun tí ó burú jù ni pé àwọn ọmọ ìlú náà fúnra wọn dẹ́kun mímú ọ̀bẹ rìn. Lẹ́ẹ̀dì ìkọ̀wé kò ní kí a gbẹ́ ẹ mọ́, nítorí ẹ̀rọ wà. Lẹ́tà kò ní kí a là á mọ́. Ilé iṣẹ́ péréte ni ó kù. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá kékeré wọ̀nyí, Stan Shaw, tí a bí ní ọdún 1926, tí ó sì wọ iṣẹ́ náà ní ọmọdé, ń fi ọwọ́ ṣe ọ̀bẹ àpò títí ó fi di arúgbó. Wọ́n fi àmì ọlá British Empire Medal dá a lọ́lá. Ó kú ní ọdún 2021. Ẹni tí ó bá fẹ́ ọ̀bẹ rẹ̀ ní láti dúró ní ọdún mélòó kan kí ó tó kàn án. Ẹ wò ó bí ó ti rí: ìlú tí gbogbo ayé ti ń ra ọ̀bẹ rí, ó di pé arúgbó kan ṣoṣo ni wọ́n ń tò dè.

Ta wá ni àwọn tí ń tò dè é? Àwọn tí ń kó ọ̀bẹ jọ ni. A ní láti sọ̀rọ̀ wọn díẹ̀, nítorí àwọn ènìyàn kan ń fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà bí ẹni tí kò rí iṣẹ́ ṣe. Ní Sheffield náà, oníṣòwò irin iṣẹ́ kan wà, Ken Hawley ni orúkọ rẹ̀. Bí àwọn ilé iṣẹ́ àtijọ́ ti ń kógbá sílé, tí wọ́n ń da irin iṣẹ́ baba wọn sí ààtàn, ni ó ń lọ kó wọn. Ohun tí ó kó jọ ju 100,000 lọ kí ó tó kú ní ọdún 2014, wọ́n sì wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Kelham Island ní ìlú náà tí ẹnikẹ́ni lè lọ wò. Bí kì í bá ṣe ọkùnrin yìí, ọ̀pọ̀ nǹkan tí a mọ̀ nípa bí wọ́n ti ń ṣe ọ̀bẹ ni ì bá ti sọnù pẹ̀lú àwọn tí ó mọ̀ ọ́n.

Ní Amẹ́ríkà, kíkó ọ̀bẹ jọ ti di ẹ̀kọ́ tí ó ní ìwé tirẹ̀. Ilé iṣẹ́ Case, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1889, bẹ̀rẹ̀ sí í lu àmì kókó mẹ́wàá sí ìdí ojú ọ̀bẹ ní ọdún 1970, wọ́n sì ń yọ kókó kan kúrò lọ́dọọdún, tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí ó bá ka kókó wọ̀nyí lè sọ ọdún tí a ṣe ọ̀bẹ tí baba rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un. Iye tí wọ́n ń kọ sí ara rẹ̀ náà ń sọ̀rọ̀: bí ó bá jẹ́ 6254, 6 ń wí pé eegun ni èèkù rẹ̀, 2 ń wí pé ojú méjì ni ó ní, 54 sì ń sọ irú ọ̀bẹ tí ó jẹ́. Ọmọkùnrin tí kò lè jókòó ka ìwé ìtàn lè jókòó sí ọ̀bẹ bàbá bàbá rẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, kí ó sì ti ara rẹ̀ mọ ìtàn. A rántí pẹ̀lú pé nínú ìwé Tom Sawyer tí Mark Twain tẹ̀ jáde ní ọdún 1876, ọ̀bẹ Barlow tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan ni wọ́n fi ta ọmọ náà lọ́rẹ nítorí pé ó ka Bíbélì sórí, inú rẹ̀ sì dùn ju ẹni tí ó jẹ ogún lọ.

Àwọn tí ń kó ọ̀bẹ jọ pín sí méjì. Àwọn kan a máa fi òróró pa á, wọn a fi aṣọ wé e, wọn a tì í mọ́ inú àpótí, kò sì ní gé ohunkóhun títí ayé. A kò bá wọn jà, nítorí ọ̀bẹ tí a kò lò rí ni ó ń jẹ́ kí a mọ bí alágbẹ̀dẹ ti parí rẹ̀. Àwọn kejì a máa mú ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n kó jọ sí àpò ní òwúrọ̀, bí obìnrin ti ń yan ìlẹ̀kẹ̀ tí yóò fi jáde, wọn a sì dá a padà ní alẹ́ kí òmíràn lè jáde lọ́la. Apá ọ̀dọ̀ àwọn kejì yìí ni àwa wà. Ọ̀bẹ mọ́kànlá ni ó wà lọ́wọ́ wa, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí kò tíì bó ọsàn. Ọ̀bẹ tí irin rẹ̀ kì í ṣe irú èyí tí kì í dípẹtà, èyí tí Harry Brearley ti Sheffield ṣe ní ọdún 1913, a máa yí àwọ̀ padà bí a ti ń lò ó. Omi ọsàn a sọ ọ́ di aláwọ̀ eérú, lẹ́yìn náà a di aláwọ̀ aró díẹ̀, àwọ̀ náà a sì máa dáàbò bò ó díẹ̀ lọ́wọ́ ìpẹtà. Kò sí ọ̀bẹ méjì tí àwọ̀ wọn dọ́gba, nítorí kò sí ènìyàn méjì tí iṣẹ́ òòjọ́ wọn dọ́gba. Ìtọ́jú rẹ̀ kò ṣòro: kí a nù ún gbẹ lẹ́yìn iṣẹ́, kí a kán òróró kan ṣoṣo sí oríkèé rẹ̀, kí a pọ́n ọn lórí òkúta ní ìdabọ̀ díẹ̀ kí ó tó kú tán, kí a má dúró títí yóò fi di igi. A ń fi í gé orin, a ń fi í gé okùn, a ń fi í la àpò ìwé, a ń fi í bó ìrèké fún àwọn ọmọ. Kò sí ọjọ́ tí kò níṣẹ́.

Ní báyìí ẹ jẹ́ kí a lọ sí ilẹ̀ Japan, nítorí ibẹ̀ ni a ti rí ohun tí ó kàn wá jùlọ. Ní ọdún 1876 ìjọba ilẹ̀ náà fi òfin dè é pé kí àwọn ọmọ ogun àtijọ́ wọn má ṣe fi idà rìn ní gbangba mọ́. Idà wọ ilé, ọ̀bẹ kékeré sì gba àyè. Ní nǹkan bí ọdún 1896, ní ìlú Miki, tí ó ti lókìkí tipẹ́ fún irin iṣẹ́ àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ọ̀bẹ kan tí wọ́n pè ní Higonokami, èyí tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ Olúwa ilẹ̀ Higo. Orúkọ oyè ńlá ni wọ́n fi sọ ohun tí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ń rà. Ẹ jọ̀wọ́ ẹ fiyè sí bí wọ́n ti ṣe é. Kò ní irin ẹ̀yìn. Kò ní eegun tàbí ìwo. Irin pẹlẹbẹ kan tàbí idẹ ni a ká sí méjì bí ìgbà tí a bá ká ewé, ojú ọ̀bẹ wọ àárín rẹ̀, a sì fi ìṣó kan ṣoṣo kàn án mọ́lẹ̀ ní orí. Ìdí ojú náà yọ síta díẹ̀ bí ìrù, àtàǹpàkò a tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kí ó má bàa padà. Ó tán. Ohun mẹ́ta ni.

Gbogbo ọmọdékùnrin ilẹ̀ náà ni ó ń mú un lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ láti gbẹ́ lẹ́ẹ̀dì ìkọ̀wé àti láti ṣe ohun ìṣeré. Ní ọdún 1960, ọ̀dọ́mọkùnrin ẹni ọdún 17 kan gún olórí ẹgbẹ́ òṣèlú kan, Inejirō Asanuma, pa lórí pèpéle ní Tokyo níwájú gbogbo ènìyàn. Idà kúkúrú ni ó lò, kì í ṣe ọ̀bẹ àpò. Síbẹ̀ ariwo ta káàkiri pé kí a gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ àwọn ọmọ, wọ́n sì gbà á. Ẹ̀rọ ìgbẹ́ lẹ́ẹ̀dì dé ní àkókò náà pẹ̀lú. Àwọn alágbẹ̀dẹ Miki tí ó pọ̀ rẹpẹtẹ bẹ̀rẹ̀ sí í pa ẹwìrì wọn tì lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ó fi ku ilé kan ṣoṣo tí ó ní ẹ̀tọ́ láti fi orúkọ Higonokami sí ọ̀bẹ rẹ̀, ilé Nagao. Ilé kan ṣoṣo! Kí ni ó gbé ilé náà ró? Kì í ṣe ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Àwọn tí ń mú ọ̀bẹ náà rìn ni, ní ilẹ̀ Japan àti ní òkèèrè, pẹ̀lú ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní agbègbè Nagano tí ó ń fún àwọn ọmọ tuntun ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí ó sì ń kọ́ wọn bí a ti ń pọ́n ọn.

Ọ̀rọ̀ orúkọ tí a mẹ́nu bà yìí, ẹ jẹ́ kí a dúró lé e lórí díẹ̀, nítorí ó kan ẹ̀yin ìjòyè gbọ̀ngbọ̀n. Ní ilẹ̀ Faransé, abúlé òkè kan wà tí wọ́n ń pè ní Laguiole, tí ó ti ní ọ̀bẹ tirẹ̀ láti nǹkan bí ọdún 1829. Díẹ̀díẹ̀ iṣẹ́ náà ṣí lọ sí ìlú Thiers, abúlé náà sì di aláìní alágbẹ̀dẹ, títí di ọdún 1987 tí wọ́n tún dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí iná àgbẹ̀dẹ ti kú, kò sí ẹni tí ó ń ṣọ́ orúkọ. Ní ọdún 1993, ẹnì kan tí kì í ṣe ará abúlé náà fi orúkọ Laguiole ṣe orúkọ ọjà ara rẹ̀, àwọn ọmọ abúlé sì wà ní ilé ẹjọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún nítorí orúkọ tí baba wọn bí wọn sí. Ọ̀bẹ tí ó ń jẹ́ Laguiole ń ti ilẹ̀ Ṣáínà àti Pakistan wá ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Ẹ wo ìlú Solingen ní Jámánì ní ìdàkejì: láti ọdún 1938 ni òfin ti dè é pé ọ̀bẹ tí a kò ṣe ní agbègbè ìlú náà kò gbọdọ̀ jẹ́ orúkọ rẹ̀. Àwa tí àdìrẹ Abẹ́òkúta ń ti òkè òkun wọlé tọ̀ wá wá lónìí, tí a fi ẹ̀rọ tẹ̀, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ṣe àlàyé èyí fún wa lẹ́ẹ̀mejì.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a mọ̀ pé ó wà lọ́kàn àwọn ìyá tí ó jókòó níbí. Àwọn ọmọ wa pọ̀ ní London, ọ̀bẹ sì ti pa ọmọ púpọ̀ ní ìgboro ibẹ̀. Ìbẹ̀rù wọn tọ́, a kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ wa gbé ọmọ sínú ewu. Ohun tí òfin Ìlú Ọba ti ọdún 1988 wí ni pé ẹni tí kò bá ní ìdí pàtàkì kò gbọdọ̀ mú ohun olójú mímú jáde, àfi ọ̀bẹ àpò kíká tí ojú rẹ̀ kò ju ínṣì mẹ́ta lọ. Ilé ẹjọ́ sì là á ní ọdún 1993 pé ọ̀bẹ tí ó ní ìdè kì í ṣe ọ̀bẹ àpò kíká ní ojú òfin. Nítorí náà ọ̀bẹ olówó kékeré ti àtijọ́, tí ọwọ́ méjì ń ṣí, tí kò lè di ara rẹ̀ mú, òun gan-an ni òfin dá sí. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti rí: ọ̀bẹ tí ó lè ká mọ́ ìka ẹni tí ó fi í gún nǹkan, ta ni yóò mú un lọ sí ìjà? Ṣùgbọ́n bí ẹni tí ó mú un bá pinnu láti fi í ṣe ènìyàn léṣe, òfin kì yóò bèèrè bí ojú rẹ̀ ti gùn tó. Kò sí ẹni tí ó gbọdọ̀ ta ọ̀bẹ fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àfi ọ̀bẹ àpò kíká tí ojú rẹ̀ kò ju ínṣì mẹ́ta lọ. A kò sì gbọdọ̀ mú un jókòó nínú ọkọ̀ òfurufú. Inú ẹrù tí a fi pamọ́ sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ni àyè rẹ̀.

A ti dé ilé. Ní ọdún 1904 òyìnbó kan tí ń jẹ́ Bellamy tẹ ìròyìn kan jáde nípa ilé ìyọ́rin tí ó rí ní abúlé Ọlá-Igbi ní ìhà Ọ̀yọ́: ó kọ bí wọ́n ti ń wa òkúta irin, bí wọ́n ti ń fọ̀ ọ́, bí wọ́n ti ń fi èédú yọ́ ọ nínú ìléru amọ̀. Èyí jẹ́ ẹ̀rí pé irin kò bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wa nígbà tí ọkọ̀ ojú omi gúnlẹ̀. Irin òkèèrè tí ó rọrùn láti rà pa àwọn ìléru náà. Àwọn alágbẹ̀dẹ kò kú pẹ̀lú wọn. Irin sípíríǹgì ọkọ̀ tí ó ti bàjẹ́ ni wọ́n ń rọ lónìí, ó sì ń jẹ́ ọkọ́ àti àdá tí ó dára. Irin náà ni ọ̀pọ̀ nínú wa ṣì ń fi ẹnu kàn nígbà tí a bá ń búra ní ilé ẹjọ́. Ẹ wo ohun tí ó yani lẹ́nu níbẹ̀: a ń fi irin búra, a ń ki Ògún, a ń ṣe ọdún rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí irin alágbẹ̀dẹ kan nínú àpò ẹnikẹ́ni nínú wa tí ó jókòó sí gbọ̀ngàn yìí. Bíléèdì tí a ń sọ nù ni a fi ń bó ọsàn. Ọ̀bẹ ń wó ilé ara rẹ̀, ó ní òun ń ba àkọ̀ jẹ́.

Àwọn kan yóò wí pé alágbẹ̀dẹ wa kò mọ ọ̀bẹ kíká ṣe. Ní oṣù tí ó kọjá a mú ọ̀bẹ Miki kan lọ bá alágbẹ̀dẹ àgbà kan ní àdúgbò wa. Ọmọ mẹ́ta ni ó ní, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí ó di ẹwìrì mú. Bí ó bá kú, ilé náà yóò di ibi tí wọ́n ń tọ́jú mọ́tò sí. A ní, “Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ bá wa wo ohun kékeré yìí.” Ó nu ọwọ́, ó gbà á, ó ṣí i, ó pa á dé, ó tún ṣí i, ó gbé e súnmọ́ ojú, ó wo ìṣó náà títí. Ó wá rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ṣé èyí náà ni ẹ̀ ń gbé wá láti ọ̀nà jíjìn?” A ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, “Ẹ fi í sílẹ̀ fún mi di ọjọ́ ọjà.” Nígbà tí a padà lọ, méjì wà nílẹ̀. Èèkù ọ̀kan wọ́ díẹ̀. Èkejì ń ṣí, ó ń pa dé, ó sì ń gé ìwé láìya. Ó ní bí òun bá rí ẹni tí yóò rà á, òun yóò pe ọmọ ọmọ òun wá kí ó wá máa gún ìṣó rẹ̀, nítorí ojú òun kò ríran kedere mọ́ sí ihò kékeré.

Èyí ni ohun tí a wá bẹ̀ yín fún. A fẹ́ kí olóyè kọ̀ọ̀kan bẹ ọ̀bẹ kan lọ́wọ́ alágbẹ̀dẹ àdúgbò rẹ̀, kí ó san owó tí alágbẹ̀dẹ náà bá dá, láìná an, kí ó sì máa mú un rìn. A fẹ́ kí Ẹgbẹ́ ṣe ìwé kan tí a ó máa kọ àmì alágbẹ̀dẹ kọ̀ọ̀kan sí, bí wọ́n ti ń ṣe ní Sheffield, kí ẹlòmíràn má bàa gbà á lọ́wọ́ wọn bí wọ́n ti gba ti Laguiole. Ọ̀rọ̀ ìwé náà yóò wá síwájú ìgbìmọ̀ ní oṣù tí ń bọ̀. Ẹni tí ó bá mọ òfin nínú yín, ẹ jọ̀wọ́ ẹ bá wa yẹ ọ̀nà tí ó tọ́ wò.

Ọ̀bẹ Bàbá méjèèjì àti ti Miki wà lórí tábìlì níbí. Ẹ lè ṣí wọn wò, ṣùgbọ́n kí ẹ ṣọ́ra fún ti Bàbá, nítorí ó mú. Ó ti gbà láti ṣe mẹ́fà sí i kí oṣù tó tán. Mẹ́ta nínú rẹ̀ ti ní ẹni tí yóò rà á. Àwọn tí ó bá fẹ́ mẹ́ta tí ó kù, kí wọ́n fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé kí wọ́n tó lọ. Àṣà kan sì wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ti Faransé pé ẹni tí a bá ta ọ̀bẹ lọ́rẹ a máa fún ẹni tí ó ta á lọ́rẹ ní owó kọ́bọ̀ kan padà, kí ọ̀bẹ má bàa gé ọ̀rẹ́ wọn. Ẹni tí ó bá fẹ́ ra tirẹ̀ fún àna tàbí fún ọmọ, kí ó jẹ́ kí akọ̀wé mọ̀, kí Bàbá lè lu orúkọ sí i.